Ikú Bàbá Ọkọ Rẹ̀ Ló Fi Ń Gbàlejò

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ọ̀rọ̀ Mareike Pietrek ni mo gbé wá fún yín. Àdúgbò kan náà la jọ ń gbé ní Duisburg. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó tì mí, tó rò ó fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó sì ní kí n má bo òun.

"Kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an," ló wí. "Bóyá ẹnì kan tó ti fẹ́ la ẹnu rẹ̀ á kà á, á sì panu mọ́."

Iṣẹ́ Mareike ni láti máa ṣètò ọjọ́ ìsọ̀kalẹ̀. Bí ọkọ̀ afẹ́ bá gba orí odò Rhine wá, tó gúnlẹ̀ sí èbúté wa ní Ruhrort, òun ló máa ti pinnu ibi tí wọ́n máa kó àwọn àlejò lọ, ohun tí wọ́n máa rí, àti ibi tí wọ́n ti máa mu kọfí kí wọ́n tó padà sínú ọkọ̀. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Wàhálà rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ìlú irin ni ìlú wa.

Nígbà òtútù ọdún kan, ọ̀gá àwọn tó ni ọkọ̀ náà pè é lórí fóònù. Ọmọ Switzerland ni, Ìyáàfin Zurbriggen lorúkọ rẹ̀, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

"Mareike, Duisburg ti sú àwọn èèyàn mi. Ní Köln, wọ́n rí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Ní Koblenz, wọ́n mu wáìnì. Tí wọ́n bá wá dé ọ̀dọ̀ tìẹ, kí ni wọ́n ń rí?"

"Ẹ gbọ́, ọ̀gá, a máa ń mú wọn yí èbúté ká, wọ́n máa ń rí àwọn kréènì..."

"Kréènì! Ta ló máa kúrò nílé ẹ̀ láti wá wo kréènì? Wá nǹkan tó máa di ọkàn wọn mú fún mi. Tí ò bá sí, ọkọ̀ á máa kọjá lọ láìdúró ni. Kò sí ìjà."

Mareike gbé fóònù sílẹ̀. Ó mọ̀ pé tí ọkọ̀ bá ti ń kọjá, iṣẹ́ òun náà ti kọjá nìyẹn.

Ó sì ní nǹkan tó lè di ọkàn èèyàn mú. Ó ti wà nínú rẹ̀ láti ìgbà ìkórè.

Nígbà ìkórè yẹn, wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí fún ìyá ọkọ rẹ̀, Màmá Edeltraud. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà, Mareike jókòó ti ìyá náà nílé ìwòsàn, ó ń bó èso ápù fún un. Ẹ̀rù ikú ń ba ìyá náà. Ó ṣàdédé gbá ọwọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ mú, tọ̀bẹ tọ̀bẹ.

"Mareike, Alfons ò ṣubú."

Gbogbo wa la mọ̀ pé Alfons Pietrek, ọkọ Màmá Edeltraud, ṣubú sínú agbada irin yíyọ́ nílé iṣẹ́ ìyọ́rin, nígbà tí Volkmar ọmọ wọn kan ṣoṣo ṣì kéré. Kò sí òkú tí wọ́n lè sin. Ilé iṣẹ́ gé díẹ̀ lára irin náà nígbà tó tutù, wọ́n gbé e sínú pósí. Àwọn tó gbé pósí náà lọ́jọ́ yẹn kò gbàgbé bó ṣe wúwo títí wọ́n fi darúgbó.

"Ẹ ní wọn ò ṣubú, Màmá?"

"Ó bẹ́ sí i ni." Ojú ìyá náà wà lára ògiri. "Ní àṣálẹ́ tó ṣáájú, a jẹun tán, ó ní, 'Traudel, ó ti rẹ̀ mí.' Èmi kọ ẹ̀yìn sí i, mò ń fọ abọ́. Mo ní, 'Ta ni ò rẹ̀?' Kò fèsì. Nígbà tí mo jí, ó ti lọ. Òrùka ìgbéyàwó ẹ̀ wà lórí tábìlì. Búrẹ́dì tí mo fi bébà wé fún un wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀."

Mareike gbé ọ̀bẹ náà sílẹ̀.

"Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ kì í fi oúnjẹ ẹ̀ sílẹ̀," ni ìyá náà wí. "Mo ju òrùka náà sápò kí wọ́n tó wá sọ fún mi. Volkmar wá dé láti ilé ìwé. Ó rí búrẹ́dì náà. 'Màmá, Bàbá gbàgbé oúnjẹ wọn. Ṣé kí n jẹ ẹ́?' Mo ní kó jẹ ẹ́. Mo sì dúró, mò ń wò ó, títí ó fi jẹ ẹ́ tán."

"Háà, Màmá."

"Má sọ fún un o. Ó gbà pé bàbá òun ì bá wá sílé tí ẹsẹ̀ wọn ò bá yọ̀. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Mareike búra. Ìyá náà kò kú. Ó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì náà, ó ń fọ̀pá rìn kiri, ó tún ń yan kéèkì. Lọ́jọ́ kan nínú kíṣìnnì, ó rọra sọ fún Mareike pé, "Látìgbà tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ọ ni mo ti ń rí oorun sùn. Ó dà bí ẹni pé o bá mi gbé lápá kan."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Mareike rántí nígbà tí Ìyáàfin Zurbriggen sọ̀rọ̀ kréènì tán. Ó wọ kóòtù rẹ̀, ó lọ sílé iṣẹ́ ìyọ́rin àtijọ́. Iná ìléru ibẹ̀ ti kú tipẹ́, igi ti hù láàárín òpó irin, ẹnikẹ́ni ló lè wọ ibẹ̀. Ó dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn irin tó lọ sókè. Afẹ́fẹ́ ń súfèé nínú àwọn páìpù.

"Mi ò ní dárúkọ," ló ń sọ fún ara rẹ̀. "Mo máa yí orúkọ padà. Ta ló máa mọ̀?"

Nígbà tó dé ọ́fíìsì wọn ní Köln, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, Ìyáàfin Zurbriggen gbé fóònù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan òrùka, ó fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó kan búrẹ́dì, omi ti wà lójú rẹ̀.

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Ṣé o mọ ẹbí náà ni?"

Mareike mi orí. "Rárá," ló wí. "Mo kàn gbọ́ ọ ni."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o.

Wọ́n gba Thilo síṣẹ́ láti máa sọ ìtàn náà fún àwọn àlejò. Òṣèré orí ìtàgé ni Thilo, iṣẹ́ ti wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì jinlẹ̀ bí ẹni ń ti inú kànga sọ̀rọ̀. Àlejò kọ̀ọ̀kan máa ń ti ẹ̀rọ kékeré bọ etí, kí ohùn Thilo lè wọlé sí wọn létí tààrà. Alfons di Ludger. Edeltraud di ìyàwó Ludger, wọn ò fún un lórúkọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wà níbẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, búrẹ́dì náà sì wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ṣe é, bí Thilo ṣe dé ìparí, irin dún lókè: gbì, gbì, gbì. Àwọn àlejò ta gìrì. Obìnrin kan pariwo.

"Tí ibí bá dákẹ́," ni Thilo wí sí wọn létí, "Ludger ṣì máa ń lu irin. Ó ń pe ìyàwó rẹ̀ ni."

Mareike fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí wọ́n ń mu kọfí. "Kí ni ìyẹn?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni. Mo fi í pamọ́ sókè pẹ̀lú hámà. Ó dùn, àbí?"

"Thilo, kò sí nínú ìtàn náà."

"Ó ti wà níbẹ̀ báyìí, ọ̀gá mi."

Ẹ ò rí i, ọjà wá tà. Gbogbo ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ ní Duisburg ló ń royìn ọkùnrin tó fi búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n sọ pé ó ju ṣọ́ọ̀ṣì Köln lọ. Ọkọ̀ míì béèrè pé ṣé àwọn náà lè wá. Ìyáàfin Zurbriggen fi òdòdó ránṣẹ́ sí Mareike, Volkmar sì bá a gbé e sínú ìkòkò omi.

"Ìyàwó mi, o gbayì o," ló wí. Awakọ̀ rélùwéè ni Volkmar, èèyàn jẹ́jẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Níbi tẹ́ ẹ máa ń kó wọn lọ yẹn, ṣé ẹ máa ń dárúkọ bàbá mi?"

"Rárá o. Ọ̀rọ̀ gbogbo òṣìṣẹ́ ni."

"Ó dáa náà. Ó yẹ kí ẹnì kan máa rántí wọn."

Mareike gba ilé ìwẹ̀ lọ, ó ṣí omi sílẹ̀, kí ọkọ rẹ̀ má baà gbọ́ bó ṣe ń mí.

Láìpẹ́, àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í mú búrẹ́dì dání láti inú ọkọ̀. Wọ́n máa ń fi bébà wé e, wọ́n á tò ó sórí àtẹ̀gùn irin yẹn. Àwọn míì á fi òdòdó sí i. Ó di bí ibi ìsìnkú. Nígbà tí ẹyẹlé pọ̀ jù níbẹ̀, Mareike lọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan láti lọ palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ kankan kò gúnlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Òun nìkan ló wà níbẹ̀.

Ó ń kó àwọn búrẹ́dì náà sínú àpò nígbà tó rí ọ̀kan tí wọ́n ti tú. Ẹnì kan ti gé e jẹ. Eyín èèyàn hàn gbangba lára rẹ̀. Wọ́n sì tún fi bébà náà wé ìyókù padà dáadáa, wọ́n ká etí rẹ̀ wọlé, bí ẹni tó ń bọ̀ wá jẹ ẹ́ tán.

Irin dún lókè.

"Thilo?" ló kígbe. "Thilo, kì í ṣe eré o!"

Irin tún dún. Mareike ju àpò náà sílẹ̀, ó sá. Inú mọ́tò ló ti pe Thilo. Thilo ní Münster lòun wà, lọ́dọ̀ ìyá òun. Ọ̀rẹ́ òun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, àwọn jọ ń jẹun ni. Hámà náà wà nínú bútù mọ́tò àwọn.

"Afẹ́fẹ́ ni," ni Thilo wí. "Àbí o ti gba ìtàn tìẹ gbọ́ ni?" Ó rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ yẹn, Mareike kò ní ìsinmi mọ́. Tí omi bá ń kán nínú kíṣìnnì, á fò dìde. Tí Volkmar bá ń wé oúnjẹ tó máa mú lọ síbi iṣẹ́, Mareike á jáde kúrò níbẹ̀. Tí ọkọ rẹ̀ bá wá gbàgbé oúnjẹ náà sílé, bó ṣe máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Mareike á gbé mọ́tò, á lé e dé ibùdó rélùwéè, á sì gbé e lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń fi Volkmar ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyàwó ẹ tún ti dé o, ọmọ ìkókó!"

Lọ́jọ́ Sunday, tí Màmá Edeltraud bá gbé kéèkì wá, Mareike kì í rí ojú wò ó.

"O ti rù o, Mareike. Àbí wọn kì í fún yín lóúnjẹ nínú ọkọ̀ yẹn?"

"Iṣẹ́ ni, Màmá."

"Iṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ jẹ èèyàn tán. Jẹ kéèkì."

Ó gbìyànjú láti dá a dúró. Ó pe Thilo, ó ní kó yọ ọ̀rọ̀ ìyàwó yẹn kúrò, èyí tó sọ pé ta ni ò rẹ̀. Thilo ní ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń sunkún. Ó pe Ìyáàfin Zurbriggen.

"Má fọwọ́ kàn án," nìyẹn wí. "Kí ló dé tí o fẹ́ ba ohun tó dáa jẹ́? O ní o ò mọ̀ wọ́n, àbí?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n, ọ̀gá."

Ó tún sẹ́ wọn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Báyìí la ṣe dé ọkọ̀ tó kẹ́yìn lọ́dún náà. Ewé ti ń já bọ́ nílé iṣẹ́ ìyọ́rin. Mareike ti dé ṣáájú, ó ti to kọfí àti kéèkì sórí tábìlì nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Bọ́ọ̀sì dé láti èbúté. Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹni àkọ́kọ́ tó bọ́ sílẹ̀ ni Volkmar, nínú kóòtù tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó yíjú padà, ó na ọwọ́ sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pá ìtilẹ̀ jáde, Màmá Edeltraud tẹ̀lé e.

"Ẹ wo ojú ẹ̀!" Volkmar ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Mo sọ fún yín, Màmá, mo ní á ya ẹnu!"

"Volkmar, kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Ọ̀gá ẹ ló pe ilé nígbà tí o jáde. Ó ní kí àwọn ẹbí òṣìṣẹ́ wá wọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní kó má sọ fún ọ. Köln la ti wọkọ̀ láàárọ̀. Màmá ti bá gbogbo ọkọ̀ ṣọ̀rẹ́ tán."

Ìyá náà ń wo òkè, ó ń wo àwọn òpó irin tí ipata ti jẹ. "Látìgbà yẹn, mi ò tíì fẹsẹ̀ tẹ ibí rí," ló wí. "Volkmar ní igi ti hù níbẹ̀. Mo ní ó dáa, kó mú mi lọ wo igi."

Mareike sáré dí ẹnu àtẹ̀gùn náà. "Màmá, ẹ má gòkè. Àtẹ̀gùn yẹn ò dáa fún ìbàdí yín. Ẹ wá jókòó, ká mu kọfí."

"Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé kọfí ni mo bá ọkọ̀ wá mu?"

Mareike sáré bá Thilo. "Má sọ ọ́ lónìí. Mo bẹ̀ ọ́. Sọ ti igi. Sọ ti ẹyẹ."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó lè sọ pé, "Ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ nìyẹn." Gbólóhùn kan péré ni. Thilo kì í ṣe èèyàn burúkú, ì bá ti dákẹ́. Àmọ́ Ìyáàfin Zurbriggen ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń na ọwọ́ sí Mareike láti kí i. Mareike gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń sọ pé, "Kò sí nǹkan kan."

Wọ́n gun orí pèpéle àkọ́kọ́. Kò ga púpọ̀, Volkmar sì di ìyá rẹ̀ mú lápá. Mareike dúró nísàlẹ̀, kò ní ẹ̀rọ létí. Kò gbọ́ ohun tí Thilo ń sọ. Ojú wọn ló ń wò, ó sì mọ ìtàn náà débi pé ojú wọn tó fún un láti mọ ibi tó dé.

Nígbà tí àwọn obìnrin fọwọ́ kan ọrùn, ó mọ̀ pé ọkùnrin náà ti sọ pé ó rẹ òun. Lẹ́yìn náà, obìnrin kan tó wọ aṣọ òjò pupa, tó dúró ti Màmá Edeltraud, mi orí. Nítorí ẹ̀rọ tó wà létí rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sókè ju bó ṣe rò lọ.

"Irú obìnrin wo nìyẹn! Òkúta ló wà láyà ẹ̀!"

Ìyá náà kò mira. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń mì díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń bá Thilo sọ ọ́ pọ̀.

Volkmar ṣì ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ wà lára àwọn igi. Ẹ̀rín náà dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹni tó ni ín ti kúrò nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi búrẹ́dì, ó fi ọwọ́ bo ẹnu bí ọmọ tó fẹ́ bì. Ó yọ ẹ̀rọ náà kúrò létí, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó.

Irin dún lókè: gbì, gbì, gbì.

"Ẹ sọ fún ẹni tó wà lókè yẹn kó sinmi," ni Màmá Edeltraud wí. Kò pariwo, àmọ́ gbogbo ibẹ̀ gbọ́. "Ọkọ mi ò lu irin kankan. Ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni."

Thilo bojú wo Mareike nísàlẹ̀. Àwọn àlejò náà sì tẹ̀lé ojú rẹ̀, gbogbo wọn yíjú sí Mareike pa pọ̀.

Ìyá náà yíjú sí aláṣọ pupa. "Èmi ni obìnrin náà. Òótọ́ lẹ sọ, ìyá. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ara mi látìgbà yẹn nìyẹn." Ó tún kọjú sí Thilo. "Kò sì jẹ́ Ludger. Alfons ni. Alfons Pietrek. Tẹ́ ẹ bá máa tà á, ẹ fi orúkọ ẹ̀ tà á."

Volkmar sọ̀ kalẹ̀ wá bá Mareike. Ó rìn bí ẹni tó ń rìn nínú omi.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Màmá ni."

"Ìgbà wo?"

"Nílé ìwòsàn. Volkmar, jẹ́ kí n..."

"Gbogbo ọkọ̀ tó gba orí Rhine kọjá ló mọ bí bàbá mi ṣe kú kí n tó mọ̀," ló wí. "Àwọn tó ń jẹ kéèkì mọ̀. Èmi tí mo jẹ búrẹ́dì náà, mi ò mọ̀."

Ó yíjú wo ìyá rẹ̀ lórí pèpéle. Ìyá náà na ọwọ́ sí i. Kò gbà á. Ó fi ẹsẹ̀ rìn jáde láti ẹnu géètì, kò wẹ̀yìn. Lọ́sẹ̀ náà ló lọ gba yàrá kan lẹ́bàá ibùdó rélùwéè, kò sì bá èyíkéyìí nínú àwọn obìnrin méjèèjì náà sọ̀rọ̀.

Ẹ ó rò pé ó parí síbẹ̀. Ìyáàfin Zurbriggen pe Mareike lọ́jọ́ kejì.

"Mo bá ọ kẹ́dùn," ló wí. "Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọ: àwọn àlejò ò tíì yìn wá tó báyìí rí. Ṣé o rò pé ìyá yẹn lè máa wá? Kì í ṣe gbogbo ìgbà."

Mareike fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lórí fóònù yẹn. Ó gbà pé bí òun bá ti kúrò, ìtàn náà á kú. Nígbà tí ìrúwé dé, ó rìn kọjá ní ẹnu géètì, ó gbọ́ ohùn Thilo.

"Alfons Pietrek lorúkọ ọkùnrin náà," ni Thilo ń wí.

Ó dúró títí àwọn àlejò fi lọ, ó bá a. "Báwo lo ṣe lè ṣe é?"

"Ìyá fúnra wọn ló ní ká fi orúkọ rẹ̀ tà á," ni Thilo fèsì, kò sì wo ojú rẹ̀. "Gbogbo wa la gbọ́ ọ."

Mareike lọ sọ ọ́ fún Màmá Edeltraud lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, nítorí ìyá náà kì í jẹ́ kó wọlé mọ́. Ìyá náà gbọ́ ọ tán. Ó wọlé, ó gbé kóòtù rẹ̀ wọ̀. Ó gbé àga kékeré tó máa ń gbé lọ sí ọgbà rẹ̀.

"Gbé mọ́tò ẹ wá," ló wí.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Màmá Edeltraud á ṣí àga rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn náà, á jókòó, á gbé ọ̀pá lé orókún, á máa wo Thilo. Kì í sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Thilo bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, ó dé ibi tó rẹ Alfons, ojú rẹ̀ bá ti ìyá náà pàdé. Ó fi ọwọ́ tọ́ka sí àwọn igi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ irú ẹyẹ tó ń gbé níbẹ̀. Bí ọkọ̀ kan ṣe ń tẹ̀lé òmíràn, igi àti ẹyẹ nìkan ló kù tó ń sọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń fi hámà lu irin kò wá mọ́.

Mareike ló máa ń dúró lẹ́yìn àga, á di agbòòrùn mú bí òjò bá ń rọ̀. Lọ́jọ́ kan, kò lè mú un mọ́ra.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Di agbòòrùn yẹn mú dáadáa," ni ìyá náà wí. "Òjò ń kán sí mi léjìká."

Nígbà tí ooru mú, Volkmar fara hàn. Ta ló sọ fún un, mi ò mọ̀. Ó gbé àga tirẹ̀ dání, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó jókòó. Wọ́n jọ ń wo Thilo títí bọ́ọ̀sì fi kó àwọn àlejò lọ. Lẹ́yìn náà, Mareike gbọ́ tí Volkmar béèrè pé, "Ṣé Bàbá máa ń sọ̀rọ̀ mi?" Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn. Mareike rọra gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó lọ jókòó sínú mọ́tò. Láti ẹ̀yìn gíláàsì ló ti ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe gbé orí sún mọ́ra. Ọ̀sán yẹn gùn.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi ń kọjá lọ tààrà láìgúnlẹ̀.

Nígbà tí òtútù tún dé, Volkmar wá sílé láti mú kóòtù òtútù rẹ̀. Mareike ti fọ̀ ọ́, ó ti gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti se ọbẹ̀ ẹ̀wà, ó ti gbé abọ́ méjì sílẹ̀.

"Volkmar, bi mí ní ohunkóhun tí o bá fẹ́ bi mí. Mi ò ní fi nǹkan kan pamọ́ mọ́."

Ó wọ kóòtù náà. Ó fara balẹ̀ di bọ́tìnnì rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

"Mo ti bi Màmá ní gbogbo ohun tó wà nínú mi," ló wí. "Wọ́n sì ti dá mi lóhùn. Ìwọ ni mi ò ní nǹkan kan láti bi."

Ohùn rẹ̀ kò le. Ó kí i pé ó dàárọ̀, bí èèyàn ṣe ń kí aládùúgbò. Mareike gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé títí kò fi gbọ́ ọ mọ́, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́.